Àgbà Ọkọ̀ Láàárín Kóònù

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ọkọ̀ tuntun tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń bú ramúramù ni a fi ń kọ́ eré ọkọ̀. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Mo ń ṣe autocross ní ìpínlẹ̀ Maryland nílẹ̀ Amẹ́ríkà. Ọkọ̀ tó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ń ṣe é, ọwọ́ mi yìí náà ni mo sì fi ń tún un ṣe. Àgbà ọkọ̀ tí kò lágbára jù, tí a sì tọ́jú dáadáa, kò lẹ́gbẹ́ nínú olùkọ́. Kò ní kọ̀ǹpútà tó ń gba ọkọ̀ lọ́wọ́ awakọ̀ nígbà tí nǹkan bá fẹ́ dàrú. Bí ọwọ́ yín bá le jù lórí sítíárìn, ẹ ó mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Bí ẹ bá pẹ́ kí ẹ tó tẹ bíréèkì, ẹ ó mọ̀. Bí ẹ bá sì gbé e jù sí gáráàjì, tí ẹ kò wo omi rẹ̀, tí ẹ kò wo ọ́ìlì rẹ̀, ìyẹn náà kò ní ṣàì hàn. Títọ́jú ọkọ̀ àti wíwà á, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n: kí ènìyàn máa gbọ́ ohun tí ọkọ̀ ń wí ni ìpìlẹ̀ méjèèjì.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé eré náà fún ẹni tí kò rí i rí. A máa ń wá ibi gbalasa tí wọ́n da ọ̀dà tàbí kọnkéré sí: ibi ìgbọ́kọ̀sí pápá ìṣeré ńlá, tàbí pápákọ̀ òfuurufú tí wọn kò lò mọ́. A ó to kóònù aláwọ̀ ọsàn síbẹ̀ láti fi la ọ̀nà tó ń lọ́ kọ́lọkọ̀lọ. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ọkọ̀ ń sáré, a kì í fẹ̀gbẹ́ kan ara wa. Aago ni gbogbo wa ń bá díje. Ẹ̀rọ oníná tó wà ní ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin ọ̀nà ló ń ka àkókò, ó sì ń pín ìṣẹ́jú àáyá kan sí ọ̀nà 1,000. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá 30 sí 70, ó ti parí. Bí ẹ bá gbá kóònù lulẹ̀, tàbí tí ẹ tì í jáde pátápátá kúrò nínú àmì tí wọ́n fà yí ìdí rẹ̀ ká, wọn yóò fi ìṣẹ́jú àáyá 2 kún àkókò yín. Bí ẹ bá fo ẹnu ọ̀nà kan, eré yẹn di òfo. Eré kì í sábà kọjá máìlì 65 ní wákàtí kan fún ọkọ̀ ojú pópó lásán, jíà kejì ló sì ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Wọ́n máa ń jẹ́ kí òpó iná àti ògiri jìnnà sí ọ̀nà, tó fi jẹ́ pé bí ọkọ̀ bá yí bírí, kóònù ló sábà máa ń fara gbá a.

Sports Car Club of America, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1944, ni ẹgbẹ́ ńlá tó gbé eré yìí dúró níbí, Solo sì ni wọ́n ń pè é nínú ìwé wọn. Ìdíje gbogbo orílẹ̀-èdè rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1973. Láti 2009 ni wọ́n ti ń ṣe é ní ìlú Lincoln ní Nebraska, lórí kọnkéré tó fẹ̀ débi pé ọ̀nà méjì ń ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Àmọ́ kò dìgbà tí ènìyàn bá dé Nebraska. Ẹgbẹ́ wà káàkiri ìpínlẹ̀, ìwé àṣẹ ìwakọ̀ tí ẹ fi ń lọ síbi iṣẹ́ ló sì ń gbà yín wọlé. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Britain, autosolo ni kí ẹ béèrè, nítorí orí koríko tàbí ilẹ̀ erùpẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe ohun tí wọ́n ń pè ní autocross lọ́dọ̀ yín.

Kí ọkọ̀ tó sáré, wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò. Ohun gbogbo tó bá ń yí gbirigbiri nínú ọkọ̀ gbọ́dọ̀ jáde: ìgò omi, fóònù, owó wẹ́wẹ́, kápẹ́ẹ̀tì abẹ́ ẹsẹ̀ awakọ̀. Ẹni tó ń yẹ ọkọ̀ wò á di táyà mú lókè àti nísàlẹ̀, á sì mì ín. Bí ó bá ń mì, bíárìn ti jẹ tàbí bọ́ọ̀lù jọ́ńtì ti gbó, ọkọ̀ náà kò ní sáré lọ́jọ́ yẹn. Á fa bátìrì bóyá ó dè dáadáa. Á tẹ bíréèkì bóyá ó le. Á tẹ pẹ́dáàlì iná, á tú u sílẹ̀, á wò ó bóyá ó padà sípò kíá. Á wo bẹ́líìtì ìjókòó, á sì wo inú hẹ́límẹ́ẹ̀tì bóyá àmì ààbò Snell tó wà níbẹ̀ kò tíì kọjá àkókò. Mo fẹ́ràn àyẹ̀wò yìí gan-an, nítorí ìdánwò ìtọ́jú ni. Ẹni tó bá ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀ nílé kò ní ohun tó ń kọ ọ́ lóminú.

Lẹ́yìn ìyẹn ni a ó fi ẹsẹ̀ rin ọ̀nà náà, eré sì ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Bí mo bá kọ́kọ́ rìn ín, ibi tí ọ̀nà gbà nìkan ni mo ń wá, nítorí láti inú ọkọ̀, kóònù a máa dà bí ohun tí wọ́n fọ́n sílẹ̀ wúruwùru. Bí mo bá tún un rìn, mo ń ṣa àwọn kóònù tó ṣe pàtàkì: èyí tí mo gbọ́dọ̀ sún mọ́ pẹ́kípẹ́kí, èyí tí mo gbọ́dọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ bíréèkì kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, àti ìkọ̀rọ̀ tó kángun sí ibi gbọọrọ, nítorí bí ènìyàn bá bà á jẹ́ níbẹ̀, gbogbo ibi gbọọrọ náà ni yóò fi san án. Lẹ́yìn náà ni mo máa ń lóṣòó láàárín ọ̀nà títí ojú mi yóò fi bá ojú ẹni tó jókòó sínú ọkọ̀ dọ́gba, kí n lè rí ohun tí n ó rí gan-an nígbà eré.

Igi gogoro má gún mi lójú, àtòkèèrè la ti í wò ó. Bí wọ́n bá ní kí n fi ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo lé akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́, òun náà ni n ó fi lé e lọ́wọ́. Ibi tí ojú bá lọ ni ọwọ́ ń tẹ̀ lé, ibi tí ọwọ́ bá sì lọ ni ọkọ̀ ń lọ. Ẹni tó bá tẹjú mọ́ kóònù tó wà níwájú imú ọkọ̀ rẹ̀ yóò gbá a. Ẹni tó bá ti ń wo ìkẹta nígbà tó ṣì ń kọjá lára ìkíní, ọwọ́ rẹ̀ yóò balẹ̀, ara ọkọ̀ náà yóò sì balẹ̀. Màmá àgbàlagbà kan wà nínú ẹgbẹ́ wa tó máa ń jókòó ti àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló máa ń sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: “Wo iwájú. Wo iwájú.” Mo ti rí àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tó fi ọ̀rọ̀ yìí nìkan dín àkókò wọn kù ju ohun tí owó táyà tuntun lè ṣe lọ.

Ọkọ̀ tèmi ni Mazda Miata ọdún 1992. Ìfihàn ọkọ̀ ìlú Chicago ni Mazda ti kọ́kọ́ fi irú rẹ̀ han aráyé ní oṣù kejì ọdún 1989. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ lítà 1.6, agbára rẹ̀ jẹ́ ẹṣin 116, ìwọ̀n rẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ kọjá tọ́ọ̀nù kan. Táyà ẹ̀yìn ló ń tì í, ìwúwo rẹ̀ pín fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba láàárín iwájú àti ẹ̀yìn, iná iwájú rẹ̀ sì máa ń yọ sókè bí ẹ bá tàn án. Lóṣù kẹrin ọdún 2016, ìkan tó sọ ọ́ di mílíọ̀nù kan jáde nílé iṣẹ́ wọn. Pípọ̀ tó pọ̀ yìí ló jẹ́ kí ẹ̀yà ara rẹ̀ ṣì wọ́pọ̀, tí owó rẹ̀ kò sì gani lára. Ṣùgbọ́n kò pọn dandan kó jẹ́ Miata. Honda Civic àtijọ́ dára, Corolla dára, ọkọ̀ tí ẹ fi ń gbé ọmọ lọ sílé ìwé náà lè bẹ̀rẹ̀. Jíìpù gíga tó lè dojú dé nìkan ni wọ́n sábà máa ń dá padà.

Ìbàdàn ni mo ti kọ́kọ́ mọ̀ pé ọkọ̀ ń sọ̀rọ̀. Mẹkáníìkì tó ń tún Peugeot 504 bàbá mi ṣe kì í yára mú sípánà. Ọ̀gá á ní kí wọ́n tanná sí i, á gbé ṣóńṣó sìkùrùdíréfà lé ara ẹ́ńjìnnì, á fi etí lé ìdí rẹ̀, á sì dijú. “Ẹ pa á,” ni yóò wí, ìgbà náà ni yóò tó sọ ohun tó ń ṣe é. Ọmọ kékeré ni mí nígbà náà, mo rò pé oògùn ni. Irin ló ń gbé ìró wá sí etí. Mo ṣì ń ṣe bẹ́ẹ̀ títí di òní, ní gáráàjì tí yìnyín ń bọ́ níta rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì Miata irú tèmi a máa dún tíkítíkí lókè orí bí ọ́ìlì rẹ̀ bá lọ sílẹ̀ tàbí tó ti dọ̀tí, nítorí pé agbára ọ́ìlì ni àwọn ẹ̀rọ kéékèèké tó wà lórí fáàfù fi ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá mọ ìró náà ti mọ ohun tí yóò ṣe kó tó di ọ̀ràn.

Ojú náà ní ohun tí í rí. Orí rédíétọ̀ Miata jẹ́ ike dúdú. Ooru ń jẹ ike náà díẹ̀díẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ a sì kúrò ní dúdú, á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí igi gbígbẹ. Ọkọ̀ tí ike rẹ̀ bá ti rí bẹ́ẹ̀ ń kìlọ̀ pé ike náà kò ní pẹ́ là. Ẹni tó bá rí i tó pààrọ̀ rẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé tó fẹ́ yóò na owó rédíétọ̀ nìkan. Ẹni tó bá dúró dìgbà tó là lójú títì lè fi ẹ́ńjìnnì kún un. Ojú omi tó wà lẹ́yìn ìjókòó, tí òjò orí òrùlé aṣọ ọkọ̀ ń gbà jáde, ẹ máa kó ewé àti ìdọ̀tí kúrò nínú rẹ̀, nítorí bí ó bá dí, omi á dúró sínú irin ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, ìpẹtà á sì jẹ ẹ́ láti inú wá. Táímìn bẹ́ẹ̀tì, máìlì 60,000 ni ìwé ọkọ̀ wí. Nígbà tí wọ́n bá ti tú iwájú ẹ́ńjìnnì fún un, ẹ kúkú pààrọ̀ ẹ̀rọ tó ń fa omi pọ̀ mọ́ ọn, kí ẹ má baà san owó iṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Ọ́ìlì bíréèkì ni mo fẹ́ dúró lé lórí díẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ ló ń fojú fò ó. Ó ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́, bí ọkọ̀ tilẹ̀ dúró sójú kan. Ìlànà DOT 4 ní kí ọ́ìlì tuntun má ṣe hó kí ooru tó dé 230 lórí ìwọ̀n Celsius. Bí omi bá ti wọ inú rẹ̀, 155 péré ni ìlànà náà béèrè. Nínú autocross, bíréèkì a máa gbóná, ó sì máa ń sinmi díẹ̀ kó tó tún gbóná. Bí ọ́ìlì bá hó nínú páìpù, oru omi á kún inú rẹ̀, ẹsẹ̀ á kàn wọlé ṣàn-ún ni, ọkọ̀ kò sì ní dúró. Ìdí nìyí tí mo fi ń pààrọ̀ rẹ̀ kí àsìkò eré tó bẹ̀rẹ̀. Ọmọbìnrin mi máa ń jókòó sórí ìjókòó awakọ̀, èmi á wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà ẹ̀yìn apá ọ̀tún, èyí tó jìnnà jù sí orísun ọ́ìlì, pẹ̀lú sípánà kékeré àti họ́ọ̀sì funfun tí mo ti ẹnu rẹ̀ bọ inú ìgò.

“Tẹ̀ ẹ́.”

“Mo ti tẹ̀ ẹ́, Dádì.”

“Má ṣe gbé ẹsẹ̀ kúrò.” N ó tú nọ́ọ̀tì díẹ̀, ọ́ìlì pípọ́n bíi tíì á ṣàn sínú họ́ọ̀sì pẹ̀lú ìfófòó wẹ́wẹ́, n ó sì dì í padà. “Ó yá, gbé e sókè.”

“Dádì, ẹ tún wo ibi tí ẹ ń bu ọ́ìlì sí, kó má baà gbẹ.” Òun ló ń rán mi létí báyìí, òdodo ọ̀rọ̀ sì ni, nítorí bí agolo òkè bá gbẹ, afẹ́fẹ́ á wọlé, a ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. A ó máa ṣe bẹ́ẹ̀ títí èyí tó ń jáde yóò fi mọ́ kedere, a ó sì bọ́ sídìí táyà tó kàn. Ní ìparí, bíréèkì á le lábẹ́ ẹsẹ̀ bí ẹni tẹ òkúta. Mi ò mọ ohun tó ń fi ọkàn mi balẹ̀ tó ìyẹn nígbà tí mo bá dúró ní ẹnu ìlà ìbẹ̀rẹ̀.

Táyà náà ṣe kókó. Nọ́ńbà mẹ́rin kan wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó ń sọ ọjọ́ ìbí rẹ̀: 2321 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2021. Táyà lè ní eyín tó pọ̀ lójú, kó sì ti le bí igi nítorí ọjọ́ orí. Ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan táyà fi kan ilẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ibẹ̀ sì ni gbogbo eré wà. Bí mo bá fẹ́ mọ̀ bóyá afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ tó, mo máa ń fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sí èjìká táyà kí n tó sáré. Bí ìlà náà bá pa rẹ́ kọjá èjìká dé ẹ̀gbẹ́, táyà ń dojú kọlẹ̀, mo nílò afẹ́fẹ́ sí i. Bí ìparẹ́ náà kò bá dé èjìká rárá, ó ti pọ̀ jù. Géèjì kékeré àti ṣọ́ọ̀kì kan, owó tí kò tó nǹkan, ọgbọ́n ńlá ni wọ́n ń kọ́ni.

Àtẹ́lẹwọ́ mẹ́rin yìí ló ń ṣe bíréèkì, àwọn náà ló ń yí kọ̀rọ̀, àwọn náà ló ń ti ọkọ̀ síwájú. Bí ẹ bá ná gbogbo agbára wọn sórí bíréèkì, kò ní sí èyí tó kù fún yíyí. Ọkọ̀ á kàn máa lọ tààrà bí ẹ tilẹ̀ yí sítíárìn dé òpin. Bí ẹ bá tẹ bíréèkì, ìwúwo ọkọ̀ á sáré wá síwájú. Bí ẹ bá tẹná, á padà sẹ́yìn. Ẹni tó ru agbada omi kì í já ọrùn sọ́tùn-ún sósì. Bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ máa ṣe pẹ̀lú ìwúwo yìí. Àwọn kóònù tí wọ́n tò lẹ́sẹẹsẹ, tí a ń gba ọ̀tún ọ̀kan gba òsì èkejì, ni wọ́n ń fi èyí hàn kedere jù. Bí ẹ bá pẹ́ níbi èkíní, ẹ ó pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ níbi èkejì, nígbà tí ẹ ó bá fi dé ìkẹrin ẹ ti ń bá ọkọ̀ jà. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Eré tó yá jù kì í dùn lójú ẹni tó ń wò ó. Kì í sí èéfín, kì í sí ariwo táyà púpọ̀. Á kàn dà bí ẹni pé awakọ̀ náà kò kánjú ni, títí ẹ ó fi gbọ́ àkókò rẹ̀.

Nínú ọjọ́ eré, ìdajì wa ló ń sáré nígbà tí ìdajì yòókù ń ṣiṣẹ́. Dandan ni iṣẹ́ náà fún gbogbo wa. A ó dúró káàkiri ọ̀nà pẹ̀lú àsíá pupa lọ́wọ́, a ó máa gbé kóònù tó bá ṣubú dìde, a ó sì máa fi rédíò sọ iye tí ọkọ̀ kan gbá. Ibi iṣẹ́ yìí ni mo ti kọ́ ọ̀pọ̀ nǹkan, nítorí ènìyàn á rí bí àwọn ọ̀jáfáfá ṣe ń gba ìkọ̀rọ̀ kan náà, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, ní ìtòsí. Bí bẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ẹnì kan bá já, ẹni tó ń bá a díje ni yóò kọ́kọ́ gbé àpótí irinṣẹ́ wá. Ìpele ìpele ni wọ́n pín ọkọ̀ sí kí ìdíje má baà di ìyànjẹ, òǹkà kan tí wọ́n ń pè ní PAX sì wà tí wọ́n fi ń ṣe ìṣirò àkókò ọkọ̀ ní ìpele kọ̀ọ̀kan, kí Miata àtijọ́ àti Corvette tuntun lè jọ wà lórí ìwé kan. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ló tún ní ìpele àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì ní hẹ́límẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń yá ni.

Nítorí náà, ẹ má tíì náwó sórí ẹ́ńjìnnì. Bíréèkì tó péye, ọ́ìlì tó mọ́, táyà tí kò gbó, ṣọ́ọ̀kì abusọ́bà tí kò jò, ìyẹn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ rà. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ní kí wọ́n bá yín to ẹsẹ̀ táyà. Bí ẹ bá ti lo àsìkò kan, tí ẹ sì ti mọ ohun tí ọkọ̀ náà ń ṣe, ẹ lè ra táyà eré tí òfin ìpele ojú pópó gbà, èyí tí nọ́ńbà ìgbó rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dín ní 200. Láàárín gbogbo rẹ̀, ẹ bẹ olùkọ́ kí ó wá jókòó tì yín. Ọ̀fẹ́ ni ní ọ̀pọ̀ ibi, inú wọn sì máa ń dùn sí i.

Ohun tí eré yìí ti ṣe fún mi kọjá ìdíje. Bí òjò bá ń rọ̀ lọ́nà márosẹ̀, tí ọkọ̀ iwájú sì dúró lójijì, ẹsẹ̀ mi mọ ibi tí táyà ń já ilẹ̀ sí, ojú mi sì ti wà níbi tí mo lè gbà sá. Mo kọ́ ìyẹn níbi tí kóònù ti wà dípò ènìyàn. Ọmọ mi tí yóò gba ìwé àṣẹ ìwakọ̀ láìpẹ́ yóò kọ́ ọ níbẹ̀ pẹ̀lú, nínú ọkọ̀ tí òun fúnra rẹ̀ bá mi pààrọ̀ ọ́ìlì bíréèkì rẹ̀. Ẹ wá ẹgbẹ́ tó sún mọ́ yín, ẹ wo ọjọ́ tí eré wọn kàn, kí ẹ sì ti wo ọ́ìlì, bíréèkì àti táyà ọkọ̀ yín kí ọjọ́ náà tó pé.